Bí Ìyá Tó Ń Sáré Láàárín Iṣẹ́ àti Ilé Ṣe Lè To Ọ̀sẹ̀ Rẹ̀ Níwájú Ọlọ́run

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ti Ṣàgámù, Ìpẹru, Ògèrè tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró létí títì kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ lójú oorun, tí ẹ ó sì padà bá a lójú oorun. Mo ń bá ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin bá tú, tí a bá ń to àga jọ, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń fi sí mi létí: "Mọ̀mí, mi ò ráyè gbàdúrà mọ́. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ kì í sọ nǹkan kan àfi ọ̀rọ̀ owó iléèwé. Èmi fúnra mi, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún yín ni pé kí ẹ tètè jí sí i. Ẹ jí ní agogo mẹ́ta, ẹ gbàwẹ̀ kún un, ẹ wá sí ìṣọ́ òru. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ ṣí Sáàmù 127. Níbi ìgbéyàwó, a máa ń ka ẹsẹ kìn-ín-ní, pé bí Olúwa kò bá kọ́ ilé, asán ni làálàá ẹni tó ń kọ́ ọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń ka ẹsẹ kẹta, pé ọmọ ni ìní Olúwa. Ẹsẹ kejì tó wà láàárín wọn la máa ń fò. Ẹsẹ yẹn ní asán ni kí ènìyàn máa jí ní kùtùkùtù kó tún máa pẹ́ sùn, kó máa jẹ oúnjẹ làálàá, nítorí Ọlọ́run a máa fún àyànfẹ́ rẹ̀ ní oorun. Inú sáàmù tó ń sọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ ni Ọlọ́run fi oorun sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ nǹkan kúrò lọ́rùn yín, kí a pín èyí tó kù, kí a tó wá sọ̀rọ̀ ohun tí ẹ ó fi kún un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, èyí tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé ti tó. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ ìgbà tí ẹ jí, ìgbà tí ẹ jáde, ìgbà tí ẹ délé, ìgbà tí ẹ sùn, àti gbogbo iṣẹ́ tó wà láàárín wọn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Bí ẹ bá fi wákàtí kan wo status àwọn ènìyàn lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ojú ìwé kan lè rí báyìí:

"Mọ́ńdè. Agogo mẹ́rin ààbọ̀, jí. Gbé omi kaná, wẹ ọmọ kékeré, din ẹyin, di oúnjẹ àwọn méjèèjì sínú kúlà. Márùn-ún ààbọ̀, jáde. Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dé ọ́fíìsì. Márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kúrò. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ní Ìbàfò. Mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, délé. Kò sí ata nílẹ̀. Fọ yunifọ́ọ̀mù. Wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, sùn."

Ẹ ka wákàtí oorun ẹni tó kọ ìwé yìí. Kò pé márùn-ún. Àgbàlagbà yẹ kó máa sùn tó wákàtí méje, ó kéré tán. Obìnrin yìí kò nílò ìwàásù lórí ọ̀lẹ. Bó bá dé ilé ìjọsìn ní Sọ́ńdè tó ń tòògbé nígbà ìwàásù, ẹ jẹ́ kó sùn.

Nígbà tí ọjọ́ méje bá pé, ẹ padà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹ pa ìwé náà mọ́, a máa lò ó ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yọ nǹkan kúrò

Ibí yìí ló le jù fún àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nítorí ohun tó ń jẹ Sátidé wa kò fara sin. Ìnáwó ni. Sátidé yìí ìsìnkú, Sátidé tó ń bọ̀ ìgbéyàwó, èyí tó tẹ̀ lé e ìṣílé tàbí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi. Inú mi máa ń dùn sí àríyá wa, ó sì dára kí a máa yẹ́ ara wa sí. Ṣùgbọ́n ìyá tí kì í rí ọmọ rẹ̀ lójú mọ́mọ́ láti Mọ́ńdè dé Fráídè, tó bá tún fún òde ní Sátidé, kí ló kù fún ọmọ náà?

Ẹ jókòó kí ẹ pín ìnáwó sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ dé: ti òbí yín, òbí ọkọ yín, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, àti ilé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó fẹ́ràn yín tó sì ń retí yín. Ìkejì ni gbogbo ìyókù. Fún ìyókù yìí, ẹ má ra aṣọ, ẹ má sì parọ́ pé ara yín ò yá. Ẹ pe onínàáwó náà lórí fóònù ṣáájú ọjọ́, kí ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra o. Olúwa á jẹ́ kó dùn, kò ní jẹ́ kí a rí àbùkù. Mi ò ní lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba owó kékeré yìí, ẹ fi ra omi. Màá wá kí yín nílé lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀." Ẹ rí i pé ẹ lọ kí wọn lóòótọ́. Ìkíni wákàtí kan nínú pálọ̀ wọn máa ń wọ onínàáwó lọ́kàn ju pé ẹ wà lára ẹgbẹ̀rún èèyàn tó jẹ ìrẹsì lábẹ́ kánópì.

Iṣẹ́ inú ìjọ náà wà lára ohun tí ẹ lè yọ, mo mọ̀ pé ẹnu á ya àwọn kan. Arábìnrin kan náà wà nínú akọrin, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, òun ló tún ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Ìwé Ẹ́kísódù orí 18 sọ bí Jẹ́tírò ṣe wo Mósè, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń dá ẹjọ́ fún àwọn èèyàn láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Jẹ́tírò sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rẹ àwọn èèyàn náà. Iṣẹ́ Ọlọ́run mà ni Mósè ń ṣe o! Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́, iṣẹ́ kan nínú ìjọ ti tó. Ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí fíkà yín, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ yàn àti ọjọ́ tí ẹ ó gbé ìyókù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má kàn dédé dáwọ́ dúró.

Ẹgbẹ́ orí WhatsApp: ẹ pa ohùn gbogbo wọn àyàfi ti iléèwé ọmọ àti ti ẹbí tó sún mọ́ yín. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín iṣẹ́ ilé

Ọmọ ọdún márùn-ún lè kó bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ síbi tó yẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fọ abọ́, kó gbálẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá lè gbé ìrẹsì kaná bí àgbà bá wà nítòsí. Ọkùnrin àti obìnrin ni mò ń sọ o. Ọmọkùnrin tí a kò kọ́ láti fọ abọ́ tó fi jẹun, ọmọ ọlọ́mọ kan ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ wo Sátidé kan ní ilé tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ọkọ ló ń rin ewùrà, nítorí pé ó máa ń yún ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ gidi. Ó fi epo pa ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn ń ṣa egungun kúrò lára ẹja yíyan, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fọ pọ̀nmọ́. Ìyá wọn ló wà nídìí iná. Ata àti epo ti ń hó, ó ń fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè ṣù, kò sì rò ó, ó dé ìkòkò. Ẹni tó bá mọ ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé bí a bá tètè rò ó, á di ẹ̀kọ pátápátá, kò ní ní kókó. Láàárín ìgbà tí ìkòkò fi wà ní dídé, ìyá jókòó sórí àpótí. Ó jókòó lóòótọ́, kò wá nǹkan mìíràn ṣe. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ wí fún un lọ́jọ́ Túsìdeè tó mú kó sunkún. Láti Túsìdeè ló ti wà nínú rẹ̀.

Màtá náà ní ẹni tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ nínú Lúùkù orí 10, ṣùgbọ́n Jésù, ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn, kò bá a wí nítorí pé ó ń se oúnjẹ. Àníyàn lórí ohun púpọ̀ ló tọ́ka sí. Abọ́ mẹ́ta Màtá lè di abọ́ kan. Ẹ din ata lẹ́ẹ̀kan ní Sátidé, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa. Bí iná mànàmáná ò bá tilẹ̀ sí, tí ẹ bá ń gbé e gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, á dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín dé ọ̀pá ẹ̀yìn, gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù, ẹ̀pà àti ẹja díndín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ọkọ má sì sọ pé wọn ò fún òun lóúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ so àdúrà mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

Nísinsìnyí tí àyè díẹ̀ ti wà, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àdúrà. Ẹ má wá wákàtí tuntun. Ẹ wá ohun tí ẹ kò lè ṣàìṣe lójoojúmọ́, kí ẹ sì so àdúrà mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ lọ sí Èkó, inú ọkọ̀ ni yàrá àdúrà yín. Sáàmù kan ní àlọ, Sáàmù kan ní àbọ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, Sáàmù mẹ́wàá nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 15, ẹ ti ka gbogbo 150. Bí ó bá ṣú jù láti kàwé, ẹ gbọ́ Bíbélì Yorùbá tó ní ohùn lórí fóònù yín. Ẹni tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀, kó gbọ́ nìkan, ojú rẹ̀ kó wà lójú títì. Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́rin péré nínú ọkàn yín: ọ̀kan ìdúpẹ́, ọ̀kan ìjẹ́wọ́, ọ̀kan fún ilé yín, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ti ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Ó máa ń gba ni lọ́wọ́ àníyàn ara ẹni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, òru ni tiyín. Bí ọmọ bá ti gbé ẹnu lé ọyàn, ẹ pe orúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ẹ fi ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo tì í, ẹsẹ kan náà fún odindi oṣù kan. Ẹ má wá òmíràn.

Nínú ìtàn àwọn Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n máa ń sọ ti Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, tó bí ọmọ 19, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ gbàdúrà, á fi aṣọ ìdáná rẹ̀ borí, gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé á sì mọ̀ pé kí àwọn má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin náà ní gèlè àti ìborùn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ohun tó túmọ̀ sí bí ẹ bá fi borí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìjókòó tọkọtaya lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀

Bí ẹ kò bá ní ṣe ju ohun kan lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ, èyí ni kí ẹ ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń tú lójú wa kò tú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ ló kó jọ.

Ẹ yan alẹ́ kan, kó má yí padà. Sọ́ńdè lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn ló rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má fi sí Fráídè bí ọ̀kan nínú yín bá ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wálé, pàápàá Fráídè àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní Redemption City. Ọkọ̀ lè dá yín dúró dòru. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ti tó. Ẹ jókòó sórí àga, kì í ṣe orí ibùsùn. Fóònù méjèèjì wà ní yàrá mìíràn. Kí ohun mímu díẹ̀ wà níwájú yín.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́: kí kálukú sọ ohun kan pàtó tí ẹnì kejì ṣe lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ta ló máa mú ọmọ láti iléèwé, ta ló ní ìpàdé, àlejò wo ló ń bọ̀. Ilé tó bá ní ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé á sì kún. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé, kí ẹ sì ti pín ẹni tó máa ra iṣu àti ẹni tó máa tọ́jú ibùsùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó: iye tó wọlé, iye tó jáde, àjọ, gbèsè. Kí ẹ tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó ń wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ohun kan péré. Ẹ fi àdúrà kúkúrú kádìí rẹ̀, kí ọkọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí, kí ìyàwó gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ohun tó wúwo lọ́kàn ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe lè lọ.

"Dádì, ẹ ṣeun tí ẹ gbé Tóbi lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ọkàn mi balẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Kò tọ́pẹ́. Èmi náà rí i pé o ti san owó iná láìpariwo. O ṣeun, Ìyá Tóbi."

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá wọlé ní agogo mẹ́sàn-án, tí ẹ ti wà nílé láti agogo méje, tí mo sì bá àwọn ọmọ tí wọn ò tíì jẹun, ó máa ń dùn mí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo bí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè máa bá wa gbé ìrẹsì kaná kí n tó dé?"

"Mi ò mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé o ò fẹ́ kí n máa dá sí ọ̀rọ̀ kíṣìnnì rẹ."

Ìyàwó yìí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, ó sì tọrọ ohun kan tó ṣeé ṣe. Kò sọ pé, "Ẹ kì í ràn mí lọ́wọ́ rí." Kò mẹ́nu kan ìyá ọkọ. Kò hú ọ̀rọ̀ ọdún kẹta jáde. Ọkọ náà kò sì sọ pé, "Bàbá mi kò wọ kíṣìnnì rí." Bí ọkọ yín bá béèrè ẹ̀rí, ìgbà yìí ni kí ẹ mú ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní jáde, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kà á.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń ka èyí, Éfésù orí 5 ẹsẹ 22 tí ẹ mọ̀ lórí, tó ní kí aya tẹríba, ẹsẹ 21 ló ṣáájú rẹ̀, òun sì ní kí a máa tẹríba fún ara wa. Ẹsẹ 25 wá ní kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ, tó fi ara rẹ̀ fún un. Kíṣìnnì wà nínú fífi ara ẹni fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó sọ ti ibùsùn náà. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní gbangba nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 ẹsẹ 5: kí tọkọtaya má ṣe fi ara wọn du ara wọn, àfi bí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kíyè sí ìfohùnṣọ̀kan yẹn. Obìnrin tó sùn fún wákàtí mẹ́rin kò kórìíra ọkọ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ bá a wá oorun ná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn ọmọ

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tirẹ̀ lọ́dọ̀ yín, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, láìsí ìwé àti fóònù. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Àdúrà ilé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ọmọ sì máa darí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ sọ Yorùbá fún wọn. Bí ẹ bá lè sọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ sí i, ẹ sọ ọ́. Nínú Tímótì Kejì orí 1 ẹsẹ 5, ìyá àgbà Lóìsì àti ìyá rẹ̀ Yùníìsì ni Pọ́ọ̀lù dárúkọ nígbà tó ń sọ ibi tí ìgbàgbọ́ Tímótì ti wá. Nítorí náà, bí ìyá ọkọ tàbí ìyá yín bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ìyá àgbà máa sọ ìtàn bí Ọlọ́run ṣe kó òun yọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìdàgbàsókè ti ara yín

Ẹ yan ohun kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta: ìwé kan, iṣẹ́ ọwọ́ kan, tàbí ẹ̀kọ́ kan. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ló máa gbà, kí ọkọ sì mọ̀ ọ́n láti orí ìjókòó Sọ́ńdè, kó lè mójú tó ọmọ nígbà náà. Ẹni tó ń ronú láti padà síléèwé, yunifásítì wà nítòsí, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìlíṣàn àti ní Ìjagùn. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ àkókò (part-time).

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ìyá rere lè máa lépa tirẹ̀. Òwe orí 31 dáhùn: obìnrin ibẹ̀ yẹ oko wò, ó rà á, ó fi èrè ọwọ́ rẹ̀ gbin ọgbà àjàrà. Ní Rẹ́mọ tiwa níbí, Ìyá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, tí a bí ní 1915, ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1937. Ó tọ́mọ, ó ń ta aṣọ, òwò rẹ̀ sì lórúkọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní London tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, òwò ìyàwó wà lára ohun tó gbé ilé náà dúró. Nígbà tí ọkọ wà lẹ́wọ̀n ní àwọn ọdún 1960, tí àkọ́bí wọn ọkùnrin sì kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1963, kò wó lulẹ̀. Ó gbé ayé títí di oṣù kẹsàn-án 2015, ó ku nǹkan bí oṣù méjì kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òwò rẹ̀ dín jíjẹ́ aya rẹ̀ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nígbà tí ara bá kọ̀

Èlíjà jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí òun kú. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó jẹ́ kó sùn, ó jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ẹkún àti ìbànújẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyá ọmọ kò lè sùn kódà bí ọmọ bá sùn, tí kò wu ú láti gbé ọmọ, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí mọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀mí burúkú ni, ẹ má tì í mọ́ yàrá àdúrà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Ṣàgámù àti ní Ìlíṣàn. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín níbi iṣẹ́ pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 nítorí ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn. Nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn, òfin fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì béèrè rẹ̀.

Bí ọkọ kò bá gbà ńkọ́?

Bí ó bá kọ ìjókòó Sọ́ńdè, ẹ má pè é ní ìpàdé. Ẹ bù fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹ jókòó tì í, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń rò pé ẹjọ́ ni a pe àwọn sí. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ wá àgbàlagbà kan tó bọ̀wọ̀ fún, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé tirẹ̀ dáadáa, kí ó bá a sọ̀rọ̀.

Bí ó bá ń lù yín, ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn yín títí ẹ ó fi wà ní ibi tí ewu kò sí fún yín. Ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí ẹ fọkàn tán, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Pásítọ̀ tó bá ní kí ẹ padà sílé kí ẹ lọ máa fara dà á, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìwé nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ yọ ohun kan kúrò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ yín. Ìyókù á tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan fi dàrú pátápátá, ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè Sáàmù tí ẹ kò kà tàbí ìjókòó tí ẹ kò ṣe. Ẹ mú un láti Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé e.